Ẹrù Àlejò Tí Ó Di Àṣẹ: Ìtàn Àlàfo Kan Nínú Ètò Kọ̀ǹpútà Àwọn Oníṣòwò

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oríkì, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Ìtàn kọ̀ǹpútà ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á dé ìparí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ èdè náà kúkú ni.

Ohun tí ó bí àròkọ yìí kò ju báyìí lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan ń bójú tó kọ̀ǹpútà fún oníṣòwò kan tí ó ń kó ìrẹsì àti ṣúgà fún àwọn ìyá ọlọ́jà. Ó pè mí ní alẹ́ ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ kò sì dùn. Ètò tí wọ́n fi ń ṣàkóso ọjà, gbèsè àwọn oníbàárà àti owó oṣù òṣìṣẹ́, èyí tí wọ́n máa ń ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti bàjẹ́. Ìwé gbèsè oṣù mélòó kan ti pòórá. Àwọn ìyá tí wọ́n ti san owó wọn tán ni wọ́n tún ń ní kí wọ́n wá fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n san án. Nínú àpò tí ètò náà ń kó àwòrán ọjà sí ni ọmọkùnrin yìí ti rí fáìlì kan tí kì í ṣe àwòrán. Ó da ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kọ sínú lẹ́tà, ó fi ránṣẹ́ sí mi, ó ní, “Ẹ̀yin ni ẹ fẹ́ràn ohun tí a bá fi ọ̀rọ̀ ṣe, sà. Ẹ bá mi wò ó.”

Mo wò ó. N kò gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n gírámà rẹ̀ kò pamọ́. Kò sí gbólóhùn àlàyé kankan nínú rẹ̀. Gbólóhùn àṣẹ ni gbogbo wọn: ka èyí, kọ ìyẹn, pa tọ̀hún rẹ́.

Nínú kíláàsì, bí mo bá kọ “Ṣí ilẹ̀kùn” sí ara pátákó gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ gbólóhùn àṣẹ, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò dìde lọ ṣí ilẹ̀kùn. Gbogbo wọn mọ̀ pé mo mú gbólóhùn náà wá kí a lè jọ wò ó ni. N kò fi pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ìmọ̀ yìí kò jẹ́ nǹkan lójú wa, nítorí ọmọdé pàápàá ní in. Kọ̀ǹpútà kò ní in, àfi bí ẹni tí ó kọ́ ọ bá là á yé e. Báwo ni fáìlì tí ó wá ní àlejò ṣe wá di ẹni tí ń pàṣẹ fún onílé? Ìtàn rẹ̀ ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀kùn tí a ṣí ní 1995

Nígbà tí wẹ́ẹ̀bù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohun tí ènìyàn lè fi ránṣẹ́ láti inú fọ́ọ̀mù kò ju ọ̀rọ̀ tí ó bá fi ọwọ́ tẹ̀ àti ibi tí ó bá fi àmì sí lọ. Ní oṣù Kọkànlá 1995, Ernesto Nebel àti Larry Masinter, tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ ní Xerox, tẹ àbá kan jáde tí a mọ̀ sí RFC 1867. Àbá náà ní kí a fi àyè tuntun kan kún fọ́ọ̀mù, kí ẹni tí ń lò ó lè yan fáìlì láti inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí fáìlì náà sì bá fọ́ọ̀mù lọ. Ohun méjì ni yóò máa bá fáìlì rìn: orúkọ rẹ̀, àti irú ohun tí ó jẹ́. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fi fáìlì ránṣẹ́ ni ohun méjèèjì ti ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ìwé náà ti sọ̀rọ̀ ààbò. Ẹni tí ń fi fáìlì ránṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká àwọn òǹkọ̀wé náà lára jù. Wọ́n kìlọ̀ pé ètò tí a fi ń wo wẹ́ẹ̀bù kò gbọdọ̀ fi fáìlì tí ẹni tí ó ni ín kò yàn ránṣẹ́, kí àwọn alárékérekè má baà jí ìwé inú ilé onílé kó. Ní ti ẹni tí yóò gba fáìlì, ọ̀rọ̀ wọn kò pọ̀: wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ni ó kù sí láti lò ó àti láti tọ́jú rẹ̀ bí ó ti yẹ. N kò bá wọn wí. Ẹni tí ó ṣe òfin ilé ìfìwéránṣẹ́ kò lè wá kọ́ onílé bí yóò ṣe ka lẹ́tà rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti inú ọ̀rọ̀ “bí ó ti yẹ” yìí ni gbogbo ìtàn wa ti ṣàn jáde.

Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, Rasmus Lerdorf, tí wọ́n bí ní Greenland, ti gbé àwọn irinṣẹ́ kan jáde fún gbogbo ayé, èyí tí ó dàgbà di èdè kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní PHP. Ìrọ̀rùn rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ààyò. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ń dá wa lóhùn lórí wẹ́ẹ̀bù, ṣe iṣẹ́ kan fún un kò ní láti bẹ ẹnikẹ́ni. Yóò kọ àṣẹ rẹ̀ sínú fáìlì, yóò fún un ní orúkọ tí ó parí sí .php, yóò gbé e sínú àpò tí server ń wò, ó parí. Nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá pe àdírẹ́sì fáìlì náà, server yóò wo ìparí orúkọ rẹ̀, yóò sì ṣe ohun tí a kọ síbẹ̀. ASP ti Microsoft àti JSP tí ó ti ọ̀dọ̀ Sun wá gba ọ̀nà tí ó jọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá gbé ohun méjèèjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àkọ́kọ́ ni àyè tí àlejò ti lè gbé fáìlì wọlé, kí ó sì fún un ní orúkọ tí ó wù ú. Èkejì ni ìránṣẹ́ tí ń ṣe ohun gbogbo tí fáìlì bá wí, bí orúkọ fáìlì náà bá ṣáà ti parí bí ó ti fẹ́. Bí àpò tí a ń kó ẹrù àlejò sí bá jẹ́ àpò kan náà tí ìránṣẹ́ yìí ti ń gba àṣẹ, ọ̀ràn dé nìyẹn. Ọ̀daràn yóò lọ sí ibi tí a ti ń fi àwòrán ọjà ránṣẹ́. Dípò bata.jpg, yóò fi bata.php ránṣẹ́. Yóò wá pe àdírẹ́sì rẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ wo àwòrán bàtà. Server kò ní fi àwòrán hàn án; iṣẹ́ ni yóò ṣe fún un.

Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní web shell. Kò ní láti tóbi rárá. Nínú ọ̀kan tí ó lókìkí jù nínú wọn, China Chopper, apá tí wọ́n ń gbé sí orí server kò ju ìlà kan ṣoṣo lọ. Ìlà kan yẹn sì tó láti ka ìwé onílé, láti jí i kó, àti láti pa á rẹ́.

Orúkọ kan, òǹkàwé méjì

Àwọn tí ń kọ ètò kò kúkú sùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n ń wo irú ohun tí wọ́n ní fáìlì náà jẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti sọ pé ẹni tí ó fi fáìlì ránṣẹ́ ni ó ń kọ èyí sí ara ẹrù, ẹni tí ó bá sì ní ìmọ̀ díẹ̀ lè kọ ohun tí ó bá wù ú síbẹ̀. Bíbi àlejò léèrè bóyá olè ni kò tí ì mú olè kankan rí.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìparí orúkọ. Wọ́n ní ohun tí ó bá parí sí .php kò gbọdọ̀ wọlé. Àwọn ọ̀daràn gbé .phtml dé, wọ́n gbé .php3 àti .php5 dé, nítorí ọ̀pọ̀ server ni a ti ṣètò láti ṣe ohun tí àwọn náà bá wí. Ẹni tí ó bá ń ka orúkọ gbogbo àwọn tí kò gbọdọ̀ wọ ilé rẹ̀ yóò gbàgbé ẹnì kan dandan.

Ibi tí ìtàn yìí ti kan iṣẹ́ mi gan-an ni ọ̀nà tí wọ́n gbà fi orúkọ tan ẹ̀ṣọ́ jẹ. Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ̀rọ̀ kan láìfi àmì ohùn sí i: ọkọ. Ìyàwó ilé lè kà á sí olówó orí rẹ̀. Àgbẹ̀ lè kà á sí ohun tí ó fi ń kọ ebè. Awakọ̀ lè kà á sí ohun tí ó ń wà. Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn rí, kò sì sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. Ní oṣù Kejìlá 2009, onímọ̀ ààbò kan, Soroush Dalili, fi irú nǹkan báyìí hàn nínú IIS 6, server tí Microsoft ṣe. Bí orúkọ fáìlì bá jẹ́ bata.asp;.jpg, ètò tí ń ṣọ́nà yóò kà á dé ìparí, yóò rí .jpg, yóò ní àwòrán ni, kí ó máa wọlé. IIS 6 ní tirẹ̀ yóò dúró níbi àmì tí ó wà láàárín, yóò rí .asp, yóò sì ṣe ohun tí fáìlì náà wí.

Títí di ìgbà tí PHP 5.3.4 jáde ní oṣù Kejìlá 2010, PHP náà ní irú àrùn yìí. Bí a bá ki lẹ́tà òfo kan, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ òdo, sí àárín bata.php àti .jpg, PHP yóò ka orúkọ náà dé òpin. Ṣùgbọ́n èdè C tí wọ́n fi kọ PHP fúnra rẹ̀ gbà pé ibi tí òfo bá wà ni ọ̀rọ̀ parí sí, òun ni ó sì ń bá ibi tí fáìlì ń gbé sọ̀rọ̀. Ẹ̀ṣọ́ rí àwòrán. Ohun tí wọ́n kó sínú ilé ni bata.php.

Kò sí irọ́ nínú orúkọ wọ̀nyí. Àwọn òǹkàwé méjì ni kò fi ẹnu kò lórí bí a ṣe ń kà á, àárín àwọn méjèèjì ni olè sì gbà kọjá. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Wọ́n tún ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn ètò yìí kò wo ilé. Wọ́n gba orúkọ tí àlejò dá sọ ara rẹ̀, orúkọ náà ni wọ́n sì fi dá a mọ̀.

Nígbà tí ìwé oníṣòwò bọ́ sórí wẹ́ẹ̀bù

Lẹ́yìn 2000, àkọsílẹ̀ àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ó wà ní ọ́fíìsì, ó ń bọ́ sórí wẹ́ẹ̀bù: orúkọ oníbàárà, gbèsè, ọjà tí ó kù nínú àká, owó oṣù. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò lè wà láìgba fáìlì. Rìsíìtì ní láti wọlé, àwòrán ọjà ní láti wọlé, lẹ́tà ìwáṣẹ́ àti àdéhùn tí a fọwọ́ sí ní láti wọlé. Nítorí náà, a kò lè sọ pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa. Ilẹ̀kùn náà ni iṣẹ́ tí wọ́n ra ètò fún.

Nígbà mìíràn, onílé kò mọ̀ pé ilé òun ní ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Keje 2009, àwọn ọ̀daràn wọ ọ̀pọ̀ ojú ewé tí ó dúró lórí ColdFusion, ètò tí Adobe ń tà fún àwọn ilé-iṣẹ́ láti fi kọ́ iṣẹ́ orí wẹ́ẹ̀bù. Ibi tí wọ́n gbà wọlé ni FCKeditor, ètò ìkọ̀wé kékeré kan tí ẹlòmíràn ṣe, tí Adobe sì fi sínú ColdFusion 8. Ètò kékeré yìí ní àyè tí ń gba fáìlì, àyè náà sì ti wà ní ṣíṣí nínú ẹ̀dà 8.0.1 láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó tà á.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, onílé mọ ilẹ̀kùn náà dáadáa, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Vtiger CRM, tí ó ya kúrò lára SugarCRM ní 2004, jẹ́ ètò tí àwọn oníṣòwò fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ oníbàárà. Ó ní ibì kan tí alákòóso ti lè fi àmì ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́, ìyẹn àwòrán tí ilé-iṣẹ́ fi ń dá ara rẹ̀ mọ̀. Nínú ẹ̀dà 6.3.0 àti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, ibẹ̀ gba fáìlì tí ó ní ìparí orúkọ tí server máa ń ṣe ohun tí ó bá wí. Nọ́ńbà tí wọ́n fún àlàfo náà nínú ìwé CVE, níbi tí wọ́n ti ń kọ irú nǹkan báyìí sílẹ̀ láti 1999, ni CVE-2015-6000. Wọ́n tún un ṣe. Nínú ẹ̀dà 6.4.0, ibi kan náà tún ṣí, ó sì gba nọ́ńbà mìíràn, CVE-2016-1713. Àlàyé tí ó wà lábẹ́ nọ́ńbà kejì yìí sọ ọ́ láìfi bò pé àtúnṣe àkọ́kọ́ ni kò pé.

Òótọ́ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí ní láti kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé èyí mú ewu rẹ̀ fúyẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé a máa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, òṣìṣẹ́ tí inú ń bí a sì máa wà nínú ilé. Ẹni tí a gbà láyè láti pààrọ̀ àwòrán kan kò yẹ ní ẹni tí yóò ti ibẹ̀ di ọba lórí gbogbo àkọsílẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ tí ó rò pé ẹlòmíràn ń ṣọ́nà

Ìtàn tí ó ká mi lára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti 2018, nítorí kò sí ẹni tí ó ṣe àìbìkítà nínú rẹ̀. Sebastian Tschan ti kọ ètò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ jQuery File Upload, ó sì fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba fáìlì lọ́nà tí ó rọrùn tí ó sì dùn ún wò. Àwọn tí ń kọ ètò ìṣàkóso iṣẹ́ mú un sínú tiwọn, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó ti da ẹ̀dà rẹ̀ kọ lórí GitHub fi lé ní 7,800.

Tschan kò gbàgbé ewu. Ó fi fáìlì kékeré kan tí ń jẹ́ .htaccess sínú àpò tí ń gba ẹrù. Fáìlì yìí ń sọ fún Apache, ọ̀kan nínú àwọn server tí wọ́n ń lò jù lágbàáyé, pé kí ó má ṣe ohunkóhun tí ẹrù tí ó wà níbẹ̀ bá wí. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀dà 2.3.9, ní 2010, Apache ti dẹ́kun kíka .htaccess, àfi bí alákòóso server bá sọ pé kí ó máa kà á. Àwọn tí ń ṣe Apache ní ìdí rere: ó ń mú iṣẹ́ yá, kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn yí ohun tí alákòóso ti ṣètò padà. Báyìí ni ẹni méjì ṣe rere, tí ihò sì ṣí láàárín wọn. Ẹni kan kọ ìkìlọ̀ sí ara ògiri. Ẹni kejì ti sọ fún ìránṣẹ́ pé kí ó má ka ohun tí a bá kọ sí ara ògiri mọ́.

Larry Cashdollar, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Akamai, ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà síta ní oṣù Kẹwàá 2018, ó sì gba nọ́ńbà CVE-2018-9206. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ fún ọdún pípẹ́ kí ó tó rí i, àwọn ọ̀daràn sì ti mọ̀ ọ́n ṣáájú rẹ̀. Fídíò tí ń fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tschan tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe kíákíá, ó sì jẹ́ kí ó máa gba àwòrán nìkan bí ẹni tí ń lò ó kò bá sọ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n àtúnṣe tí a ṣe sí orísun odò kì í dé inú ìkòkò ẹni tí ó ti pọn omi lọ. Gbogbo àwọn tí ó ti da ẹ̀dà àtijọ́ kọ ni ó kù fún láti tún tiwọn ṣe, àwọn oníṣòwò tí ń lo iṣẹ́ wọn kò sì mọ̀ pé ètò bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé àwọn.

Ilé ńlá náà kò yọ sílẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àwọn ètò kékeré nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2025. Àwọn onímọ̀ 5 tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní IBM ni wọ́n dá SAP sílẹ̀ ní Jámánì ní 1972, ètò rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó tóbi jù lágbàáyé fi ń ṣàkóso owó, ọjà àti òṣìṣẹ́ wọn. Lára NetWeaver, ìpìlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú ètò náà dúró lé, apá kan wà tí ń jẹ́ Visual Composer. Wọ́n ṣe é kí àwọn òṣìṣẹ́ tí kò gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà lè máa to ètò pọ̀ fúnra wọn. Ó ní àyè tí ń gba fáìlì, àyè náà kò sì bi ẹnikẹ́ni pé ta ni. Vtiger ṣì ń béèrè ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé kí ó tó ṣí. Èyí kò béèrè ohunkóhun.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin 2025, ilé-iṣẹ́ ààbò ReliaQuest sọ ohun tí wọ́n rí lórí ẹ̀rọ àwọn oníbàárà wọn síta. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà, SAP gbé àtúnṣe pàjáwìrì jáde láìdúró de ọjọ́ tí wọ́n máa ń gbé àtúnṣe jáde lóṣooṣù. Nọ́ńbà rẹ̀ ni CVE-2025-31324, ìwọ̀n ewu tí wọ́n sì fún un ni 10 nínú 10. Àwọn ọ̀daràn ti fi fáìlì JSP sílẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Orúkọ tí wọ́n sọ díẹ̀ nínú wọn ni helper.jsp àti cache.jsp. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ wo ọgbọ́n inú orúkọ wọ̀nyí: orúkọ ọmọ ilé ni. Ẹni tí ó bá ń kọjá lọ yóò rò pé ìránṣẹ́ tí ó ti pẹ́ nínú ilé ni wọ́n.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin, CISA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà, fi àlàfo náà kún ìwé àwọn tí àwọn ọ̀daràn ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́. Nínú oṣù Karùn-ún, ilé-iṣẹ́ Onapsis, tí ń ṣọ́ ààbò SAP, ròyìn pé ọ̀wọ́ ọ̀daràn kejì ti dé. Àwọn wọ̀nyí kò lu ihò tuntun. Fáìlì tí àwọn àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ ni wọ́n ń pàṣẹ fún. Ìdí nìyí tí dídí ihò nìkan kò fi tó. Ẹni tí ó bá dí ihò tí kò sì wá inú ilé ti ti ilẹ̀kùn mọ́ olè sínú ni.

Kí ni a rí kọ́?

Lára ìwé tí wọ́n fi ń to àṣìṣe àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lẹ́sẹẹsẹ, nọ́ńbà àìsàn yìí ni CWE-434. Nínú àṣìṣe 25 tí ó léwu jù tí wọ́n ń tẹ̀ jáde lọ́dọọdún, ipò 10 ni ó wà ní 2021, ní 2022, ní 2023 àti ní 2024. Àìsàn tí kò kúrò lójú kan fún ọdún mẹ́rin kì í ṣe àìsàn tí kò sí ẹni tí ó mọ oògùn rẹ̀. Wọ́n ti mọ oògùn rẹ̀ tipẹ́, kò sì ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti gba àlejò rí.

Kí a bi ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn pé ta ni. Kí a ka orúkọ àwọn tí a pè, kí a má ṣe máa ka ti àwọn tí a kò fẹ́. Kí onílé fúnra rẹ̀ sọ ẹrù ní orúkọ tuntun nígbà tí ó bá wọlé, kí orúkọ tí àlejò mú wá má ṣe ní agbára kankan mọ́. Ní ìparí, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, kí a gbé ẹrù náà sí yàrá tí ìránṣẹ́ kì í ti gba àṣẹ, kí ó jẹ́ pé bí àṣẹ bá tilẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò ní sí ẹni tí yóò jẹ́ ẹ.

Mo ti ronú nípa orúkọ tí a lè fún àlàfo yìí ní èdè wa. Mo kọ́kọ́ pè é ní àlàfo ìgbẹrù-láìyẹ̀wò. Nígbà tí mo ro ìtàn náà dé ìdí, mo rí i pé orúkọ yìí kò tó, nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́ tí mo sọ̀rọ̀ wọn lókè yẹ ẹrù wò, olè sì kọjá. Ohun tí ó burú ni pé a gbọ́ràn sí ẹrù lẹ́nu. Nítorí náà, àlàfo ìgbọ́ràn-sẹ́rù ni mo ń pè é báyìí. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mú un wá.

Àwọn baba wa náà mọ ẹrù tí ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó di eèyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ fún un pé ọkàn òun fà sí i, nítorí ẹ̀fà àti fà jọ ń dún létí. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fi àrokò ránṣẹ́ sí ni ó ń jókòó túmọ̀ rẹ̀, òun náà ni ó sì ń pinnu ohun tí yóò ṣe. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbà wọlé. Wọn kò gba ọ̀gá.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ mi, ó ti gbé àpò àwòrán kúrò níbi tí server ti ń gba àṣẹ, ètò náà sì ni ó ń fún gbogbo fáìlì ní orúkọ báyìí. Ìwé gbèsè ni kò rí gbà padà láti inú ẹ̀rọ. Rìsíìtì tí àwọn ìyá ọlọ́jà so mọ́ etí ìró wọn ni wọ́n fi tún un kọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn tí kò tọ́jú tiwọn ni ó tún owó san. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó mọ ohun tí server jẹ́, kò sì sí ẹni tí ó bi wọ́n kí wọ́n tó gbé orúkọ wọn sórí wẹ́ẹ̀bù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lára àwọn òǹkàwé mi, àwọn ìyá wọ̀nyí ni kí ẹ máa rántí nígbà tí ẹ bá ń ṣí ilẹ̀kùn.